Kámẹ́rà wo ni kí n gbé sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì mi ní Kétu? Orí mi ti dàrú

Ìyá Ìbejì Kétu

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí àwọn oníkámẹ́rà tí mo pè ti da orí mi rú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìkọ́lé ní Kétu, ní Benin níbí, sìmẹ́ǹtì, irin, páànù àti ọ̀dà ni mò ń tà, iwájú rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yáàdì tí mọ́tò ti ń wọlé wá kó ẹrù, sítóò sìmẹ́ǹtì wà lápá ọ̀tún, géètì kan ṣoṣo ló wà, láti kántà dé géètì yẹn á tó ọgọ́ta mítà. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, mi ò kì í sí ní Kétu lójoojúmọ́, àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi mójú tó ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí kámẹ́rà ni pé tá a bá ka ọjà níparí oṣù, ìwé ń sọ tiẹ̀, sítóò ń sọ tiẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Mo ṣáà fẹ́ kí ojú mi tó o.

Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ní kí n ra DVR oníwáyà, ìyẹn rẹkọ́dà tó ń gba fídíò sílẹ̀, àti kámẹ́rà mẹ́rin, pé ìyẹn ò wọ́n. Ìkejì ní ìyẹn ti di ti ayé àtijọ́, IP, èyí tó ń lo waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi ti kọ̀ǹpútà, ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí, iye tó sì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan wá ní kí n má dá àwọn méjèèjì lóhùn, kí n lọ ra àwọn Wi-Fi kéékèèké tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, kí n máa wò ó lórí fóònù. 350.000 sẹ́fà ni mo yà sọ́tọ̀, tó bá nídìí mo lè fi díẹ̀ lé e. Iná máa ń lọ gan-an lọ́dọ̀ wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa nínú ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ téèyàn bá ti dé ìdí géètì, ó di wíwá.

Èwo ni ká ṣe báyìí?

Ọmọ Ouando

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Wi-Fi oníkáàdì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tèmi, ó sì ń ṣe dáadáa, àmọ́ yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù mi, router tó ń pín Wi-Fi wà lórí kántà, mo lè nawọ́ kàn án. Tiyín tó ní yáàdì yìí, mi ò rò pé ó máa lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ò sì sọ fún yín ni pé inú kámẹ́rà yẹn gan-an ni káàdì wà, olè tó bá já kámẹ́rà lulẹ̀ ti mú fídíò náà lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ máa kó o pamọ́ sí, owó dátà nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè sìmẹ́ǹtì tán.

Baba Oníwáyà

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, kì í ṣe pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ yín o, mo ní èyí tó tó mi ṣe. Ohun tí mo rí nínú àlàyé yín ni pé ẹnì kan ní DVR, ẹnì kan ní IP, ẹnì kan ní Wi-Fi, kò wá sí èyí tó bi yín pé kí lẹ fẹ́ kí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan rí. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Kámẹ́rà tó máa mú ojú èèyàn yàtọ̀ sí èyí tó máa sọ pé ẹnì kan kọjá.

Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà sọ ọ́. 1080p tí gbogbo wọn ń pariwo rẹ̀ yẹn, píksẹ̀lì 1920, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ló wà ní ìbú àwòrán rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù, EN 62676-4, sọ pé kéèyàn tó lè dá ojú àlejò mọ̀ láìṣiyèméjì, píksẹ̀lì 250 gbọ́dọ̀ bọ́ sórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín 1920 sọ́nà 250, ìbú mítà méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Lẹ́ńsì 2.8 mm tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú sì fẹ̀ gan-an, tẹ́nì kan bá ti jìn sí i tó mítà mẹ́ta, ìbú tó ń wò ti tó iye yẹn tán. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn mítà mẹ́ta ẹ ó rí aṣọ, ẹ ó rí ìrìn, ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ ṣì lè mọ̀ ọ́n dé bíi mítà mẹ́fà, àmọ́ àlejò, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Àwọn èèyàn á gbé irú ẹ̀ sí igun yáàdì lókè téńté, wọ́n á máa sùn oorun àsùnwọra pé àwọn ti ní kámẹ́rà.

Nítorí náà, kámẹ́rà géètì, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́ńsì 6 mm sí i, ìyẹn tẹjú mọ́ ibì kan, ó lè mú ojú dé bíi mítà méje. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e ga ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ, tó bá ti ga jù, fìlà àti gèlè lẹ máa rí. Èyí tó wà ní kántà, 2.8 tó o, torí oníbàárà súnmọ́ ọn. Àmọ́ ẹ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjú sí títì, tí oòrùn bá ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ojú ẹni tó ń wọlé á dúdú bí ìdí ìkòkò, kámẹ́rà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní WDR, tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó dúdú hàn pọ̀, 120 dB ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀, tí wọ́n bá kọ DWDR ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ìkẹta, ẹnu ilẹ̀kùn sítóò, kí ó máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí àpò tó ń jáde lórí àwọn ọmọ lè kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin ló wá lè máa wo yáàdì látòkèdélẹ̀.

Ní ti DVR àbí IP, yáàdì yín ò tóbi tó ìjà yẹn. Waya IP tó ń gbé iná àti fídíò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, PoE, ọgọ́rùn-ún mítà ni òpin rẹ̀, ẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Waya coax gidi, irú waya tẹlifíṣọ̀n tí DVR ń lò, ń gbé 1080p ju igba mítà lọ. Tó bá jẹ́ owó yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, màá ra irú DVR tí wọ́n ń pè ní XVR, tó ń gba ti coax, tó sì tún ń gba IP díẹ̀, màá sì mú oníhò mẹ́jọ dípò mẹ́rin torí mi ò tíì rí ẹni tó ra mẹ́rin tí kò padà wá fi kún un. Owó tẹ́ ẹ bá rí pamọ́ níbẹ̀, ẹ fi ra waya tó dáa. Ìdí waya ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹ gbé ọ̀bẹ, ẹ fi ha ojú irin inú rẹ̀, tó bá pupa wọnú, bàbà ni, tó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló pupa tí inú rẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni. Ìyẹn kì í lè gbé iná tó dé ọ̀nà jíjìn, ní ọ̀sán kámẹ́rà géètì á máa ṣiṣẹ́, tó bá di alẹ́ tí iná tó fi ń ríran nínú òkùnkùn tàn, á kú, á jí, á kú, á jí, wọ́n á ní kámẹ́rà ló bà jẹ́, wọ́n á tún ta òmíràn fún yín.

Tẹ́ẹ́ní Ò Gbọ́

Ẹ ra ajá méjì. Kò ń fẹ́ dátà.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ajá náà ń fẹ́ ẹran o 😂

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ti sọ ti àwòrán, ẹ jẹ́ n sọ ti iná àti ti olè. Ilé epo ni mò ń bá ọ̀gá mi mójú tó ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, lójú ọ̀nà Parakou. Ẹnì kan tí sítóò rẹ̀ ò jìnnà sí wa, kámẹ́rà mẹ́fà ló so, olè wọlé, wọ́n kọ́kọ́ pa iná láti ìdí mítà níta, wọ́n wá wọ abẹ́ kántà níbi tí iná pupa kékeré yẹn ti ń ṣẹ́jú, wọ́n yọ rẹkọ́dà náà wọ́n gbé e lọ. Kámẹ́rà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lára ògiri lọ́jọ́ kejì, kò sí fídíò kan. Màmá, rẹkọ́dà ò gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo èèyàn ń rí i. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ṣe àpótí irin tó ní ihò atẹ́gùn, kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri nínú yàrá míì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe sítóò sìmẹ́ǹtì o! Eruku yẹn á dí fáànù inú rẹ̀ pa láàárín oṣù díẹ̀, ooru á sì jẹ háàdì dísìkì.

Ti iná wàyí. Ẹ má gbọ́kàn lé jẹnẹrétọ̀, torí ẹni tó máa tàn án ni ẹ fẹ́ máa ṣọ́ 😅. Rẹkọ́dà pẹ̀lú háàdì dísìkì rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 15, kámẹ́rà mẹ́rin lálẹ́ bíi 20, router tó ń lo káàdì SIM bíi 8, gbogbo rẹ̀ kò ju 45 lọ. Bátìrì 12 V, 100 Ah, 1.200 Wh, ìyẹn wáàtì 1.200 fún wákàtí kan, ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ irú ti mọ́tò tàbí ti sólà olómi, ìdajì ni kéèyàn máa lò kó tó lè pẹ́, ìyẹn 600, ó lè gbé e bíi wákàtí méjìlá kó tó rẹ̀ ẹ́. Iná ò sì kì í sábà lọ tó bẹ́ẹ̀. Sólà kékeré kan lórí páànù (páànù yín kúkú pọ̀ ní sítóò) á máa kún un lọ́sàn-án. Onduleur kékeré tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà wúlò, àmọ́ kì í pẹ́ kú, kì í ṣe òun ló máa bá yín ṣọ́ òru mọ́jú.

Baba Oníwáyà

Ará Ṣábẹ̀ẹ́, o ṣeun àbúrò. Mo fi kan kún un: tí wọ́n bá fẹ́ so kámẹ́rà tààrà mọ́ bátìrì torí pé 12 V ni méjèèjì, ẹ má gbà. Bátìrì tí sólà ń kún lọ́wọ́ ń gun 14 V kọjá, á jó kámẹ́rà mìíràn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń mú un dúró sí 12 gééré, kò wọ́n. Kí wọ́n sì fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá sí ìdí waya géètì, ẹ̀yin náà mọ bí àrá Kétu ṣe ń ṣe nígbà òjò.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á bù kún yín. Àrá tí bàbá dárúkọ yẹn, tẹlifíṣọ̀n méjì ló ti bá mi jẹ. Ìbéèrè mi ṣẹ́ ku méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní háàdì dísìkì 1 TB ló wà nínú ọjà tóun, ṣé ó tó? Mo ní ìparí oṣù la máa ń ka ọjà. Ìkejì, ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kámẹ́rà wà, àbí kí n fi ṣe àṣírí? Àbúrò mi ní tá a bá sọ, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á gbà.

Baba Oníwáyà

1 TB ò tó, màmá. Kámẹ́rà 1080p kan, tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí H.265, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè, ní 2 Mbps, ń jẹ 21,6 GB lójúmọ́. Mẹ́rin á jẹ 86 GB ó lé díẹ̀. 1 TB á kún ní bí ọjọ́ mọ́kànlá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọjà níparí oṣù, ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i pé àpò ti dín, fídíò ọjọ́ tó dín ti lọ. Nǹkan bí 2,6 TB ni oṣù kan á gbà, ẹ kúkú ra 4 TB, ìyẹn lè gbé e tó oṣù kan àti ààbọ̀. Kí ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, WD Purple tàbí Seagate SkyHawk, ti kọ̀ǹpútà lásán kì í fẹ́ kí wọ́n máa kọ nǹkan sórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ bi wọ́n bóyá DVR náà lè gbé 4 TB, èyí tó kéré jù kì í gbé e. Tí wọ́n bá sì gbé H.264, ti àtijọ́ tó ń gba àyè jù, fún yín ní 4 Mbps láìsọ, iye ọjọ́ tí mo kà yìí á pín sí méjì, torí náà ẹ wò ó lójú ara yín lórí ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Ilé Ẹjọ́

Ẹ jẹ́ n dáhùn ìkejì. Ẹ sọ fún wọn. Òfin wa níbí, Code du numérique, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ka àwòrán èèyàn mọ́ ohun tó jẹ́ ti ara ẹni, àjọ APDP ní Kútọnu ló ń mójú tó o. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó so kámẹ́rà, wọ́n ní fọ́ọ̀mù fún vidéosurveillance, ìyẹn fífi kámẹ́rà ṣọ́ ibi, kí ẹ sì lẹ páálí kan sí ẹnu ọ̀nà tó máa sọ pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹni tó ni ín àti ibi téèyàn lè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ilé aládùúgbò, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ilé ìtọ̀ tàbí ibi táwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ aṣọ, àwọn tó ń ru sìmẹ́ǹtì máa ń bọ́ra níbi kan, ẹ mọ ibẹ̀. Ohùn wọn, ẹ má gbà á. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi fídíò àṣírí mú, lọ́yà rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bẹ́ ẹ ṣe rí i.

Ní ti àbúrò yín, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á gbà lóòótọ́, géètì kan ṣoṣo kúkú ni.

Ìyálọ́jà Tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ yín dára gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n dá yín dúró díẹ̀. Èmi náà ń ta sìmẹ́ǹtì ní Àjàṣẹ́, mo ti lò ó. Kámẹ́rà ò mọ nọ́ńbà. Tí mọ́tò bá kó àpò ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún sí ìwé, ta ló máa jókòó wo fídíò oṣù kan kó máa ka àpò? Ẹ̀yin náà ò ní ṣe é, Ìyá Ìbejì, ẹ lọ́mọ nílé. Ohun tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi ni pé ẹni tó ń kó ẹrù jáde kọ́ ló ń kọ ìwé, ẹni tó wà ní géètì ń ka tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń kọ aago sí i, lálẹ́ a fi ìwé méjèèjì kanra. Ìgbà tí wọn ò bá bára mu la tó lọ sídìí kámẹ́rà, a ti mọ aago tá a máa wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá a ti rí i. Láìsí ìwé géètì yẹn, ẹ kàn ra tẹlifíṣọ̀n ni.

Ẹ rí i dájú pé aago inú ẹ̀rọ náà tọ̀nà o. Mo mọ ẹnì kan tí tiẹ̀ fi wákàtí méje yàtọ̀, aago ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Ṣáínà ló ṣì wà.

Baba Oníwáyà

Ìyálọ́jà, ẹ káre! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ sọ yẹn. Tí rẹkọ́dà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ó lè máa tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, kí wọ́n kàn yan UTC+1, aago Benin nìyẹn.

Ti fífi fóònù wò láti Àjàṣẹ́: ẹ ní kí wọ́n ṣètò àwòrán kékeré fún fóònù, bíi 512 kbps, wákàtí kan á jẹ bíi 230 MB. Tẹ́ ẹ bá ń wo èyí tó tóbi ní 2 Mbps, 900 MB ni wákàtí kan. Ó sì ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì o, dátà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti tinú fóònù yín. Gbígbé sókè ni kẹ́ ẹ dán wò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe gbígbà sílẹ̀, MTN, Moov tàbí Celtiis, ẹ kan gbogbo wọn wò níbẹ̀ kí ẹ tó yan SIM. Waya ló máa gbé ti géètì wá, torí náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdí géètì ò kàn yín mọ́.

Kí ẹ sì pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù fúnra yín lójú oníṣẹ́. Lọ́dún 2016, àwọn kan fi Mirai, kòkòrò àrùn kọ̀ǹpútà kan, wọ inú kámẹ́rà àti DVR lóríṣiríṣi káàkiri ayé, páàsíwọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi wọlé, torí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ òun nítorí àtúnṣe, ẹ ṣí àkáǹtì míì fún un, tó bá ṣe tán ẹ pa á.

Ohun kékeré kan tó kù: ẹ má ra kámẹ́rà oníkòkò, èyí tí gíláàsì rẹ̀ rí roboto yẹn, fún yáàdì. Eruku sìmẹ́ǹtì á bà lé e, iná alẹ́ á máa tàn padà sójú ara rẹ̀, gbogbo àwòrán á funfun. Kẹ́ ẹ sì ní kí ẹnì kan máa fi ìgbálẹ̀ gba jàǹkárìwọ̀ kúrò lójú àwọn kámẹ́rà, aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀, kòkòrò tí iná fà wá ni oúnjẹ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ó ti yé mi wàyí. XVR oníhò mẹ́jọ, kámẹ́rà mẹ́rin, 6 mm ní géètì, 4 TB, bátìrì, àpótí irin. Ó máa ju 350.000 lọ, mo mọ̀, màá so mẹ́ta kọ́kọ́, ti yáàdì látòkèdélẹ̀ lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ìwé géètì la máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ìyẹn ò ná mi ju bíìrò àti ìwé àjákọ lọ. Ẹni tó ní IP yẹn ti pè mí láàárọ̀ yìí, mo bi í pé mítà mélòó ni lẹ́ńsì rẹ̀ ti lè mú ojú èèyàn, ó ní òun ń pè mí padà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ta ló mọ alágbẹ̀dẹ tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tó lè bá mi ṣe àpótí yẹn?

Ọmọ Ìdèna

Ó wà, màmá. Kò jìnnà sí Àkàbà Ìdèna, òun ló ṣe géètì ilé wa. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ ní kó gé ihò atẹ́gùn sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe òkè, torí ọmọ aláǹgbá.